Ọjọ́ Tí Okùn Dáre Wà Lọ́wọ́ Mi

Kànga ni mo gbẹ́ jẹun. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi ṣe é nílẹ̀ Ìkálẹ̀ yìí, láti Ìgbódìgò tí wọ́n ti bí mi, dé Òkìtìpupa, dé Òde-Ìrẹ̀lẹ̀, dé àwọn abúlé inú igbó ọ̀pẹ tí mọ́tò kì í dé nígbà òjò. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀, nítorí wọ́n ń ro iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́. Mo sọ fún wọn pé tèmi kò dùn-ún gbọ́. Wọ́n ní kí n ṣáà kọ ọ́. Ó dáa. Bí mo bá máa kọ ọ́, mi ò ní fi ibi tó korò pa mọ́ fún yín.

Bí mo ṣe dénú iṣẹ́ náà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá mi kú, ilẹ̀ oko tó kù kò tó pín, ìyá mi sì fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Olúwòyè. Òun ni ọ̀gá agbẹ́kànga ní gbogbo agbègbè wa nígbà náà, ó sì jẹ́ àgbà nínú ìjọ Aládùúrà tí à ń lọ. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, kì í sì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu kànga. Nígbà tí ìyá mi dárúkọ mi fún un, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Jósẹ́fù," ó ní, "inú ihò ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yẹn sí. Ìwọ fẹsẹ̀ ara rẹ wá. Ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni mo pa.

Ọdún kan gbáko ni mo fi wà lókè kó tó jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀. Okùn ni mo ń fà. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń fi dígà àti ọkọ́ kékeré gbẹ́lẹ̀, ó ń kó yẹ̀pẹ̀ sínú korobá, èmi ń fà á gòkè. Òfin Bàbá kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́. Àtùpà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ kànga. A ó tàn án, a ó so ó mọ́ okùn, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí iná rẹ̀ bá kú, afẹ́fẹ́ burúkú wà níbẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá di okùn mú kì í kúrò nídìí okùn. Kì í jẹun, kì í kí èrò ọ̀nà, ì báà jẹ́ ọba ló ń kọjá. Èyí tí àwọn agbẹ́kànga yòókù fi ń ṣe wá ní yẹ̀yẹ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ wọ kànga gbọ́dọ̀ ka ẹsẹ Bíbélì kan lórí, láìwo ìwé. Bí o bá kọsẹ̀ nínú rẹ̀, o ò ní sọ̀ kalẹ̀.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, kí ló dé tí a ò lè kà á látinú ìwé?"

"Ṣé o máa mú ìwé lọ sísàlẹ̀ ni? Iná wo lo máa fi kà á? Bí ilẹ̀ bá ya bò ọ́, èyí tó wà nínú rẹ nìkan ló máa bá ọ gbé níbẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe le tó. Obìnrin ẹlẹ́ja gbígbẹ kan ń kọjá lọ, ará ìsàlẹ̀ odò. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín, mo fi okùn sílẹ̀, mo lọ bá a lẹ́bàá ọ̀nà. Bàbá wà nísàlẹ̀ kànga. Nígbà tí mo padà, mo gbọ́ tó ń pe orúkọ mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹ̀rù òun hàn. Mo fà á jáde. Kò lù mí, kò bú mi. Ó ní kí èmi náà sọ̀ kalẹ̀. Bí mo ṣe dé ìsàlẹ̀, ó fa okùn sókè, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti àárọ̀ títí oòrùn fi kọjá àtàrí, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo ké títí ohùn mi fi há. Ojú ọ̀run kéré lókè orí mi bí ìdérí ìkòkò. Nígbà tó fà mí jáde, ó bi mí pé, "Kí lo rí níbẹ̀?"

"Mi ò rí nǹkan kan, Bàbá."

"O rí i. Ohun tí ẹni ìsàlẹ̀ ń rí nìyẹn bí ẹni òkè bá gbàgbé rẹ̀. Uṣẹ́ yìí kì í dárí jini."

Uṣẹ́ ni àwa Ìkálẹ̀ ń pe iṣẹ́. Bàbá kì í fi èdè ilé ìwé bá wa wí.

Àwa méjì la jọ kọ́ṣẹ́ náà. Èkejì mi ni Dáre. Ẹ má rò pé ènìyàn burúkú ni. Iṣu kan ṣoṣo la máa ń pín jẹ. Bí ó bá fọwọ́ kan yẹ̀pẹ̀, ó lè sọ bí omi ṣe jìn sí, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣì í. Nínú kíka ẹsẹ pàápàá, òun ló já fáfá jù. Èmi ló máa ń kọsẹ̀. Lọ́jọ́ tí Bàbá tú wa sílẹ̀, ó gbàdúrà fún wa, ó sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ tirẹ̀. Tèmi wà nínú ìwé Róòmù: "Tèmi ni ẹ̀san, èmi ó gbẹ̀san." Mo rò pé ó ṣì í fún mi ni. Mi ò ní ọ̀tá kankan láyé nígbà náà.

Èmi àti Dáre jọ ń ṣiṣẹ́ lọ, ọdún ń gorí ọdún. Okùn ìko tó máa ń gé wa lọ́wọ́ di okùn ọ̀rá. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹkéré roboto ró inú kànga kí yanrìn má baà ya. Àbúrò mi, Sámúẹ́lì, wá dara pọ̀ mọ́ wa. Ọkùnrin tó ti gbéyàwó ni, oyún sì wà nínú ìyàwó rẹ̀. Ó fẹ́ràn orin. Bó bá wà nísàlẹ̀ tó ń kọrin ìjọ, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń gba ẹnu kànga jáde bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń kọrin.

Nígbà tó yá, Dáre mú ẹ̀rọ kan wá láti Òkìtìpupa, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi epo bẹntiróò fa omi. Ṣáájú ìgbà náà, bí a bá ti gbẹ́ kan omi, korobá la fi ń gbọ́n ọn títí apá á fi fẹ́ já. Ẹ̀rọ yìí ń fa gbogbo rẹ̀ kí èèyàn tó jẹ ẹ̀bà tán. Ṣùgbọ́n bí kànga bá jìn, kò lè fa omi láti òkè. Àfi kí a sọ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kalẹ̀ sínú kànga. A gbé e lọ fi han Bàbá Olúwòyè. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Ó fọwọ́ pa ẹ̀rọ náà lára.

"Ibo ni èéfín rẹ̀ ń gbà?"

Dáre rẹ́rìn-ín. "Afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, Bàbá."

"Afẹ́fẹ́ wo ló wà nínú kànga?"

A gbé ẹ̀rọ wa, a bá tiwa lọ. Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà náà tí Bàbá kú.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mo lọ wo ibi tí opó kan fẹ́ gbẹ́ kànga sí ní Òde-Ìrẹ̀lẹ̀. Dáre àti Sámúẹ́lì wà lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn nítòsí ilé. Orí ọ̀kadà ni mo wà tí mò ń bọ̀ nígbà tí mo rí àwọn èèyàn tó ń sáré. Mi ò bi wọ́n léèrè. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti gbé Sámúẹ́lì jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ń sùn, àfi pé yẹ̀pẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Èéfín ẹ̀rọ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga ló pa á.

Dáre jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún gbogbo wa pé òun wà lẹ́nu kànga láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pé òun ń tan àtùpà lọ́wọ́ ni Sámúẹ́lì fi ìkánjú sọ̀ kalẹ̀, pé òun kìlọ̀ fún un. Àwọn àgbà ìdílé ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. A sin ín lọ́jọ́ kejì. Ìyá mi kò sunkún. Ó ní, "Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Èmi kò bímọ nìyẹn." Mo dúró tì í nígbà tó sọ ọ́. Ìyàwó Sámúẹ́lì bí obìnrin, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ tí a sin ín ni Ìyá Bísí wá bá mi. Ilé obìnrin yìí ló kángun sí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga náà. Ó bẹ̀ mí kí n má dárúkọ òun fún Dáre. Ó ní òun ń sá gààrí lẹ́yìnkùlé, òun sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Sámúẹ́lì bi Dáre pé, "Àtùpà ńkọ́?" Dáre ní, "Àtùpà ayé àtijọ́! Wọlé jàre, kílẹ̀ tó ṣú." Bí Sámúẹ́lì ṣe sọ̀ kalẹ̀ tán, Dáre so okùn mọ́ igi, ó sì lọ sí oríta lọ bá àwọn tó ń ta ayò. Orin tí Sámúẹ́lì ń kọ ló dákẹ́. Ìyá Bísí rò pé ó ń sinmi ni.

Bóyá àtùpà ì bá kú, bóyá kò ní kú. Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wà lẹ́nu kànga, ó máa gbọ́ pé orin dákẹ́.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má pè é ní sùúrù. Ìkórìíra téèyàn bá sọ síta a máa fúyẹ́. Èmi fẹ́ kí tèmi wà lódindi. Mo yà kúrò lọ́dọ̀ Dáre, mo wá ẹlòmíràn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan tó mọ̀ pé nǹkan ń dùn mí sọ fún mi pé kí n máa ka Sáàmù kọkàndínláàádọ́fà, èyí tí wọ́n fi ń ṣẹ́ ọ̀tá. Mo kà á láàárọ̀ ọjọ́ méje, mo ń dárúkọ Dáre sí i. Lọ́jọ́ keje, mo rí i pé ó ti pẹ́ tí mo ti gbàdúrà fún ìyá mi, fún ìyàwó mi, fún àwọn ọmọ mi. Dáre nìkan ló kù lẹ́nu mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo padà sí ẹsẹ tí Bàbá fún mi. Mò ń kà á ní àràárọ̀, ó sì ń korò lẹ́nu mi bí ewúro. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kà á bẹ́ẹ̀, láìfẹ́ ẹ.

Láàárín ọdún wọ̀nyí, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ńlá gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù dé. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wa. Iṣẹ́ dín kù. Ìbàdí mi náà ti ń yọ mí lẹ́nu, mi ò lè wọ kànga mọ́. Okùn nìkan ni mo lè fà. Ilé ìwé kan ní ẹ̀yìn Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ wá ní kí n bá àwọn jin kànga àtijọ́ wọn sí i. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń ṣàìsàn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà ní òun ti rí ẹnì kan tó máa wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, Dáre ni.

Ó ti gbẹ, irun rẹ̀ ti funfun. Ó kí mi, mo dá a lóhùn. Mo lè padà sílé. Mi ò padà. Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò ní tàn yín: mo fẹ́ rí i nísàlẹ̀.

Mo sọ àtùpà kalẹ̀, iná rẹ̀ kò kú. Mo wò ó lójú, mo ní, "Ka ẹsẹ rẹ."

Ó gbójú sílẹ̀. "Mo ti gbàgbé gbogbo rẹ̀, Jósẹ́fù."

Nínú òfin Bàbá, ńṣe ló yẹ kí n ní kó máa lọ. Mo so okùn mọ́ ọn ní ìbàdí, mo sì jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé wà nílé fún ìsinmi, ọ̀gá wọn sì ti lọ sí ọ́fíìsì káńsù. Dáre ti gbẹ́ kọjá ibi tí kọ̀ǹkéré àtijọ́ dúró sí nígbà tí mo gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí wọ́n ń da ìrẹsì sínú agolo. Yanrìn ni. Ó ń ya.

"Jósẹ́fù! Ó ń ya o! Fà mí!"

Okùn wà lọ́wọ́ mi. Mi ò fà á.

Ohùn kan sọ̀rọ̀ nínú mi, ẹsẹ Bíbélì ló sì fi bẹ̀rẹ̀: ojú fún ojú, eyín fún eyín. Bẹ́ẹ̀ ni. Èṣù mọ ìwé mímọ́, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Nínú aginjù, Jésù fúnra rẹ̀ ló kà á fún. Ohùn náà ní: o ò ní ṣe nǹkan kan, kó o ṣáà dúró. Òun náà kò ṣe nǹkan kan fún Sámúẹ́lì, ńṣe ló kàn kúrò níbẹ̀. Ta ló máa mọ̀? Wọ́n á ní òkú àbúrò rẹ ló wá mú un.

Mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan fi dá a lóhùn. Ohun tó ń sọ dára létí mi. Mi ò sì ní sọ fún yín pé àánú Dáre ṣe mí. Kò ṣe mí. Nǹkan kan ṣoṣo tí mo ní lọ́wọ́ ni ẹsẹ tó ti ń korò lẹ́nu mi láti ọdún mọ́kànlá. Jésù pàápàá kò bá a jiyàn. "A ti kọ ọ́ pé" ló ń wí. Mo la ẹnu, mo ní, "A ti kọ ọ́ pé, tèmi ni ẹ̀san." Ohùn náà kò dákẹ́. Mo tún kà á. Dáre kò pe orúkọ mi mọ́ nísàlẹ̀, ó kàn ń ké ni. Mo pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta bí wèrè: "Tèmi ni ẹ̀san! Tèmi! Kì í ṣe tìrẹ!"

Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Yanrìn ti dé itan rẹ̀, kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ ti ẹnu kànga, mo fà á, nǹkan kan sì já ní ìbàdí mi. Mo gbọ́ ìró rẹ̀. Mi ò dáwọ́ dúró. Nígbà tí orí rẹ̀ yọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì di koríko mú, ó rákò jáde. Àwa méjèèjì nà sílẹ̀ nínú oòrùn.

"O pẹ́," ló kọ́kọ́ sọ.

"Mo pẹ́."

"Mo rò pé o ti lọ."

"Mi ò lọ. Ìwọ lo lọ, lọ́jọ́ ti Sámúẹ́lì."

Ó dìde jókòó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó ní, "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ kẹjọ."

Ó bú sẹ́kún. Ó ní kí n dárí ji òun. Mo ní, "Èmi kọ́ lo máa bá sọ̀rọ̀. Ìyá mi wà nílé."

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi parí sí. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbé ohun tó wúwo ju ago omi lọ. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́, ẹ má wá sínú iṣẹ́ kànga. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yòówù kí ẹ yàn, ẹ wá ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sórí kí ọjọ́ ìdánwò tó dé. Lọ́jọ́ náà, ẹ ò ní ráyè ṣí ìwé, ọkàn yín pàápàá lè má sí lẹ́yìn yín. Ọkàn mi kò sí lẹ́yìn mi.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, Dáre wá sí Ìgbódìgò. Mo ti ń fi ọ̀pá rìn. Ìyá mi jókòó níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Dáre dọ̀bálẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀: àtùpà, oríta, ayò, irọ́ tó pa lẹ́yìn rẹ̀, àti pé mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kẹjọ. Ìyá mi kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó sọ tán, ìyá bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Ṣé ó pè mí?"

"Ìyá?"

"Nígbà tí èémí ń tán nínú rẹ̀. Ṣé ó pe orúkọ mi?"

Dáre fi iwájú orí kanlẹ̀. "Mi ò sí níbẹ̀, Ìyá. Mi ò lè mọ̀."

Ìyá mi mi orí. "O sọ nígbà náà pé o wà níbẹ̀. Láti ọdún náà wá, mò ń wá agbára tí mo máa fi bi ọ́. Mo rò pé ìwọ mọ̀." Ó bó hóró ẹ̀gúsí kan, ó bó òmíràn. "Dìde. Máa lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án."

Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ náà mọ̀, o ò sì sọ fún mi."

Mo jókòó tì í, mo bá a bó ẹ̀gúsí.

Ìgbà òjò tó tẹ̀lé e ni ìyá mi kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, bí àwọn ará ìjọ ṣe ń kọrin lẹ́nu sàréè, mo gbójú sókè, mo rí Dáre tó dúró lábẹ́ igi ọ̀pẹ níta ọgbà, òjò ń pa á, ó ṣí fìlà. Kò wọlé. Ó ń wò mí, ó ń retí kí n ṣe nǹkan kan.

Mi ò pè é, mi ò sì lé e. Ibi tí agbára mi dé lọ́jọ́ náà nìyẹn.